Ìkarahun Ìgbín Ló Bọ́ Iyùn Dókítà

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ìdúró, ẹ wá ibi fìdí lé. Ẹni tó gbé omi kaná, kó fa igi kan yọ nínú iná, kí omi má baà hó dànù kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ohun tí mo gbé wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdúrógbọ́. Ọ̀rọ̀ omi ni. Omi òkun tó wà nínú pálọ̀ kan ní Àkúrẹ́, níbi tí òkun kò sí, tí èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí fi ọwọ́ mi méjèèjì mú dúró lójú kan fún ọdún méjì àti oṣù díẹ̀, ní àkókò tí nǹkan le débi pé ènìyàn á kọ́kọ́ jókòó rò ó kó tó wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó.

Iṣẹ́ láàbù ni mo fi jẹun. Èmi kọ́ ni tíṣà o. Atẹ́ńdáǹtì ni mí, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nínú ìlú Oǹdó. Tíṣà a máa dúró níwájú kíláàsì, èmi a wà lẹ́yìn, nínú yàrá kékeré tí ásíìdì ti jẹ ilẹ̀kùn rẹ̀. Èmi ni mò ń wọn iyọ̀, tí mò ń po omi kẹ́míkà, tí mò ń fọ ìgò, tí mò ń lẹ ìwé mọ́ ara rẹ̀. Bí ọjọ́ ìdánwò bá dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa kán omi kan sínú omi kejì, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, títí àwọ̀ yóò fi yí padà. Iye ẹ̀kán tó bá yí i padà ni ìdáhùn. Fún gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí ìdáhùn wọ́ nítorí omi tí mo pò. Bí ó bá wọ́, ojú akẹ́kọ̀ọ́ ló wọ́.

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, Àkúrẹ́ ni mo kó lọ, nítorí ọmọ Àkúrẹ́ ni ìyàwó mi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ sì wà. Ìgbín ló ń tà. Yóò lọ kó o lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìta-Ògbólú, yóò yọ ọ́ nínú ìkarahun, yóò fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ títí yóò fi mọ́, yóò kó o fún àwọn onílé oúnjẹ. Ẹ̀yìnkùlé wa, òkìtì ìkarahun ni.

Ní ọjọ́ kan tí mo lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn kan, dókítà tó wà lórí àga wò mí, ó tún mi wò, ó fò dìde.

“Bàbá Láàbù! Ẹ̀yin lẹ já ìgò gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi imú gbóòórùn ásíìdì!”

Mo ní, “Imú ọ̀hún náà nìyẹn. Mo dúpẹ́ pé ó ṣì wà níbẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín títí. Kò jẹ́ kí n lọ sílé. Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí ilé rẹ̀ ní Ẹ́sítéètì Ijapo, ó ní ohun kan wà tí ojú òun ti ń wá ẹni tí òun yóò fi hàn.

Àpótí gíláàsì ni, ó gùn bí ibùsùn, iná búlúù ń tàn lórí rẹ̀. Omi inú rẹ̀ ń rìn bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ. Mo rí àwọn ẹja kéékèèké aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ní ìlà funfun lára. Mo rí òkúta. Lórí òkúta ni ohun kan hù sí bí igi tí kò léwé, ó ya ẹ̀ka bí ìwo àgbọ̀nrín, gbogbo ara ẹ̀ka náà sì kún fún òdòdó wínníwínní tí wọ́n ń ju ọwọ́.

“Kí lèyí?”

“Iyùn ni, sà.”

Ẹ̀rín pa mí. Iyùn! Iyùn tí mo ti ń rí lọ́rùn àwọn ìjòyè láti kékeré mi ní Oǹdó, iyùn tí wọ́n so mọ́ ìyàwó mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Mo ní, “Iyùn wo ló ń mí?”

Ó wá là á yé mi. Ó ní ohun tí à ń so mọ́ ọrùn yẹn, egungun ni. Ẹ̀dá abẹ̀mí kan ló fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀ òkun. Ó ní ìbátan rẹ̀ lèyí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn òdòdó wínníwínní yẹn, ẹnu ni. Wọ́n ń fa ẹfun inú omi, wọ́n fi ń kọ́ ilé tí wọ́n jókòó lé, gẹ́gẹ́ bí ìgbín ṣe ń kọ́ ìkarahun ara rẹ̀.

“Oúnjẹ wọn kò ṣòro,” ó ní. “Omi ló ṣòro. Òkun tóbi, kò sí ohun tó lè yí i padà lójijì. Omi inú àpótí, gbogbo nǹkan ló ń yí i padà. Oòrùn ń fa omi lọ, ó ń fi iyọ̀ sílẹ̀. Iyùn ń jẹ ẹfun, ẹfun ń dínkù. Sà, omi yìí kò gbọdọ̀ dára lónìí kó burú lọ́la, kò sì gbọdọ̀ dára ju ti àná lọ. Bó ṣe wà lánàá ni kó wà lónìí.”

Ohun mẹ́ta ló ń ṣọ́: iyọ̀, ẹfun, àti ohun kan tí èmi ń pè ní kán-ún inú omi, nítorí pé irú agbára tí kán-ún fi ń pa ìkan omi ọsàn náà ni. Ó mú ìgò kékeré kan àti abẹ́rẹ́ tí kò ní ṣóńṣó jáde láti wọn kán-ún náà. Ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, títí omi búlúù yóò fi pọ́n. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi! Iṣẹ́ mi nìyẹn! Ó kán an, ó ní mẹ́sàn-án. Mo ní, “Gbé e wá.” Mo kán an, mo rí mẹ́jọ. Ó tún un kán, ó rọra ṣe é lọ́tẹ̀ yìí. Mẹ́jọ.

Ó wò mí. “Bàbá Láàbù, ẹ ti bọ́ sí i nìyẹn.”

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ sí Ijapo.

Ìgbà wá le. Epo ọkọ̀ gbówó lórí, ohun gbogbo tẹ̀ lé e. Dókítà rí àyè láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní òkè òkun fún ọdún méjì; ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí ìyàwó títí yóò fi dé. Ó ń wá ẹni tí yóò ra àpótí náà, kò rí. Ta ni yóò ra ẹja tí kò ṣeé sè? Mo bá a níwájú àpótí níjọ́ kan, ó jókòó bí ẹni tó ń tọ́jú òkú.

“Ẹ̀ka kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀,” ó ní. “Ó ti di igi. N óò kàn da omi nù ni.”

Mo ní, “Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi.”

“Sà, bó bá kú, ẹ má jẹ́ kó dùn yín o.”

“Ọmọ mi, a kì í gbé ọmọ fún ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, ká tún máa sọ fún un pé bó bá kú, kò burú. Láàyè ni màá fi lé ọ lọ́wọ́ padà.”

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó fi ọ̀bẹ ìgbín sílẹ̀. “Bàbá ọmọ mi, ẹ ti fi ẹnu yín gbé ẹrù tí orí yín kò mọ bó ṣe wúwo tó.”

Òdodo ló sọ, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ ná. Bí iyùn yẹn bá kú, mi ò ní rí ojú tí màá fi wo ọmọ náà, mi ò sì ní lè pe ara mi ní ọmọ láàbù mọ́.

Iná kọ́ ni ìṣòro mi. Dókítà ti to sólà sórí òrùlé, bátìrì wà nílẹ̀, pọ́ńpù àti iná búlúù kò sinmi. Ìṣòro mi ni oògùn. Inú ìgò méjì kan tó ń ti òkè òkun wá ni ẹfun àti kán-ún tí à ń fi rọ́pò èyí tí iyùn bá jẹ wà. Èyí tó fi sílẹ̀ fún mi tó oṣù mẹ́fà. Nígbà tó tán, mo pe ẹni tó ń tà á ní Èkó. Iye tó dá lé e, mo rò pé nọ́ńbà fóònù ni ó ń kà fún mi. Mo tilẹ̀ ní kó dúró kí n wá bírò.

Mẹ́jọ di méje. Méje di mẹ́fà àti ààbọ̀. Ṣóńṣó ẹ̀ka iyùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo jókòó ní ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń wo ilẹ̀, ìyàwó mi ń da ìkarahun nù, ó ń ró wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀. Ìró yẹn ló jí mi.

Mo ké, “Ìyá ọmọ mi, má dà á nù!”

“Kí lẹ fẹ́ fi ìkarahun ùgbín ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ di olóògùn lọ́jọ́ ogbó ni?”

“Ebi ń pa iyùn dókítà.”

“Ẹ ro ẹ̀bà fún un.”

“Ẹfun ló fẹ́. Ẹfun ni ìkarahun yìí, láti inú dé òde. Ẹfun àti kán-ún.”

Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó mú odindi kán-ún jáde, ó jù ú sí mi lẹ́sẹ̀. “Ọjọ́ wo lẹ ti ń pariwo kán-ún, kán-ún. Òun rèé. Ẹ jẹ́ kí n rójú fọ ùgbín mi.”

Mo mú un, mo lọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ omi nínú gíláàsì, mo jẹ́ kó tòrò. Iyanrìn wà nísàlẹ̀, amọ̀ pupa wà lórí iyanrìn, ohun tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ sì léfòó lórí omi. Mo dá a padà fún un. Mo ní, “Èyí dára fún ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò bá lè kà, mi ò ní dà á sínú omi olómi.” Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ yẹn o, nítorí ó ń bọ̀ wá dójú tì mí.

Kí ìkarahun tó lè fi ẹfun inú rẹ̀ sílẹ̀, a gbọ́dọ̀ sun ún títí yóò fi pọ́n bí ẹ̀yín iná. Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí ẹ̀yín iná ilé ìdáná wa. Dúdú ló jáde, òórùn rẹ̀ lé àwọn ará ilé kejì sá. Mo bá di ìkarahun tí mo ti fọ̀ sínú àpò, mo wọ ọkọ̀ Oǹdó, nítorí mo mọ alágbẹ̀dẹ kan níbẹ̀ tó máa ń rọ irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún láàbù wa.

Nínú ọkọ̀, arábìnrin kan tó fẹ̀gbẹ́ tì mí dimú. “Bàbá, kí lẹ dì sínú àpò yìí?”

“Oògùn òyìnbó ni.”

“Òyìnbó wo ló kú síbẹ̀?”

Gbogbo ọkọ̀ fi ẹ̀rín gbá. Èmi náà rẹ́rìn-ín dé Oǹdó.

Alágbẹ̀dẹ rí mi lókèèrè, ó ju òòlù sílẹ̀. “Ọ̀gá Láàbù! Wọ́n ní ẹ ti fẹ̀yìntì. Irin wo lẹ tún fẹ́?”

“Kì í ṣe irin. Mo fẹ́ kí o bá mi sun ìgbín.”

“Ẹ ṣeun, mo ti ń retí irú oníbàárà yìí. Ata dà?”

“Ìkarahun ni.”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ọ̀gá, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà nílé?”

Ṣùgbọ́n ó sun ún. Ó kó o sínú ìkòkò irin, ó tì í sáàárín iná, ó ní kí wọ́n máa fín ẹwìrì. Nígbà tí a jẹun ọ̀sán tán, ó fi ẹ̀mú gbé ìkòkò jáde. Ìkarahun ti funfun báláú, ó ti rọ̀ débi pé ìka lè fọ́ ọ. Mo mú ọ̀kan tó ti tutù sórí òkúta, mo wọ́n omi díẹ̀ sí i. Ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣìì, èéfín sọ lára rẹ̀, ó bẹ́, ó di lúbúlúbú.

Alágbẹ̀dẹ fò sẹ́yìn. “Mo ti yọ ọ́ nínú iná! Kí ló tún ń sè é?”

Mo ní, “Ẹfun ààyè ni wọ́n ń pè é. Má fi ọwọ́ lásán kàn án, má sì fa lúbúlúbú rẹ̀ símú.” Mo kó o sínú agolo mílíìkì, mo dé e pinpin, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá pẹ́ lára rẹ̀, agbára rẹ̀ á lọ.

Ní Àkúrẹ́, mo po ẹfun náà mọ́ omi, mo jẹ́ kó sùn. Omi tó tòrò lókè nìkan ni mo rọ́ sínú ìgò. Mi ò sáré dà á sínú àpótí. Mo kọ́kọ́ gé ìka iyùn kan, mo fi í sínú abọ́ pẹ̀lú omi òkun, mo dán an wò níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó la ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ tọrọ okùn dírípù lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń bá dókítà ṣiṣẹ́. Mo fi ìgò kọ́ sí ìṣó kọ́tìnnì, mo ti okùn bọ omi, mo fún ẹnu rẹ̀ pa títí ó fi ń kán díẹ̀díẹ̀. Bí ènìyàn bá dà á wọ̀ọ̀, yóò sun iyùn bí omi gbígbóná. Sùúrù ni.

Ọjọ́ yẹn ni ìyàwó mi kọ́kọ́ tẹ̀ lé mi dé Ijapo. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lérí.

“Ẹ wá wo ọkọ mi o! Èmi tí ibà dá dùbúlẹ̀ lọ́jọ́sí, ewé dóńgóyárò lẹ sè fún mi. Ẹja lẹ wá ń fún ní dírípù!”

“Kì í ṣe ẹja. Iyùn ni. Sún mọ́ ibí.”

Ó sún mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ ṣì ń lọ. Nígbà tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì, ẹnu náà dákẹ́. Ó ní, “Ó mà ń mí lóòótọ́.” Nígbà tó tún bá mi lọ, ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ dání.

Mẹ́fà àti ààbọ̀ di méje. Méje rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó di mẹ́jọ, ó sì dúró. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé: mẹ́jọ, mẹ́jọ, mẹ́jọ. Ìwé tí nọ́ńbà kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ bá mi wá ìwé tó dùn ún kà jù ú lọ. Mo ya àwòrán iyùn ránṣẹ́ sí dókítà. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀.

“Sà, níbo lẹ ti rí oògùn rà?”

“Lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ó ní kí n máa bá òun fọ ìgbín, òun yóò máa kó ìkarahun fún mi.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó wá ní, “Bàbá Láàbù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Àwọn tí a jọ wà níbí ń gbọ́.”

Ìgbéraga ha kọ́ nìyẹn bí? Ó dára, mo gbéraga. Mo tún un sọ.

Ọyẹ́ wá dé. Ẹ mọ ọyẹ́ Àkúrẹ́, tó máa ń fa ètè ya. Omi inú àpótí ń fi ìbú ìka kan lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, iyọ̀ rẹ̀ kò sì bá a lọ. Omi tí kò ní nǹkan kan nínú ni a fi ń rọ́pò rẹ̀. Omi kànga dẹ̀rọ tiwa gba inú àpáta wá, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé e; omi òjò ni mo ti gbè sínú dírọ́ọ̀mù ní àárín ìgbà òjò, nígbà tí òrùlé ti mọ́. Ọyẹ́ ọdún náà gùn. Dírọ́ọ̀mù gbẹ. Ọjọ́ kìíní kọjá, ìkejì kọjá, mò ń wo ọ̀pá gíláàsì kékeré tí a fi ń mọ bí iyọ̀ ṣe pọ̀ sí, ó ń ga sókè nínú omi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ojú ọ̀run ṣú. Àkọ́rọ̀ rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àkọ́rọ̀ jẹ́ fún mi. Ní Oǹdó, nílé tí wọ́n ti bí mi, ìyá mi kì í jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ ọdún ṣòfò sílẹ̀. Gbogbo ìkòkò ló ń gbé síta. Yóò bọ́ wa síhòòhò, yóò fi wẹ̀ wá, yóò rọ ìgò kan pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn di àmọ́dún. Ó ní àkọ́rọ̀ ń fọ àìsàn kúrò lára ọmọ. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí páànù Ijapo, ẹ̀yin ọmọ, mo gbàgbé ọjọ́ orí mi. Mo sáré kó bàsíà sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀. Ó kún, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì bu ú sínú àpótí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Èmi tí mo máa ń da ife àkọ́kọ́ nù nítorí ìdọ̀tí, tí a bá ń sẹ́ omi ní láàbù! Èmi tí mo ní ohun tí mi ò bá lè kà, mi ò ní dà á sí i!

Nígbà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀, iyùn ti pa gbogbo ẹnu rẹ̀ dé. Ohun kan tó ń yọ̀ bí itọ́ bò ó lára. Mo wọn kán-ún: mẹ́jọ. Mo wọn iyọ̀: ó ti padà sí ipò rẹ̀. Mo tún kán-ún wọ̀n: mẹ́jọ. Nọ́ńbà mi ń sọ pé kò sí nǹkan kan, iyùn sì ń sọ pé òun ń kú lọ.

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ àárọ̀ mi dé. Ó gba ẹ̀yìn ilé wọlé, ibẹ̀ ni bàsíà wà.

“Ta ló fọ ìkòkò sínú bàsíà yìí?”

Mo jáde lọ wò ó. Nísàlẹ̀ omi tó kù, ẹrẹ̀ eérú ti tẹ́ bí aṣọ: eruku ọyẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, eérú igbó sísun, ìgbẹ́ àdán, ìpẹtà páànù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Kí ló dé?”

“Ọwọ́ mi ni.”

Ó wo bàsíà, ó wo òrùlé. “Àkọ́rọ̀ ni?”

“Àkọ́rọ̀ ni.”

“Ìyá yín ní kí ẹ fi wẹ ọmọ,” ó ní. “Wọn ò ní kí ẹ fi wẹ iyùn.” Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí mi. “Ẹ dìde. Ìjókòó kọ́ ló kàn.”

A wá èédú èèpo àgbọn, a fọ̀ ọ́, a dì í sínú aṣọ, a fi í sí ojú ọ̀nà omi kó máa fa ìdọ̀tí mọ́ra. Ṣùgbọ́n èédú nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ bu omi náà jáde, ká fi òmíràn rọ́pò, iyọ̀ òyìnbó tí à ń pò ṣe omi òkun sì ti tán. Mo pe obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń ta ẹja ní Oǹdó, tí ọkọ̀ ń kó ẹja wá fún láti etí òkun.

“Omi òkun? Bàbá, ẹja ni mò ń tà.”

“Omi ni mo fẹ́. Kí àwọn apẹja bu ú láti àárín òkun, níbi tí omi odò kò dé. Kí wọ́n má fi kẹ́ẹ̀gì epo bu ú o.”

“Ó yé mi. Ìwẹ̀ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ̀ ń lọ?”

“Áńgílíkà.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Áńgílíkà náà ti ń wẹ̀?”

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà dé ní ọjọ́ kẹta, mo lọ gbé e ní Oǹdó. Iyọ̀ rẹ̀ dín díẹ̀ sí tiwa. Mo tú u sínú bàsíà fífẹ̀ nínú oòrùn, mo fi aṣọ funfun bò ó, mo jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn fa omi rẹ̀ títí ọ̀pá gíláàsì fi dúró níbi tí mo ń fẹ́. Lójoojúmọ́ ni mo bu díẹ̀ jáde, tí mo bu díẹ̀ sí i.

Kó tó rí bẹ́ẹ̀, ìdajì iyùn ti kú. Ó ti funfun, egungun lásán. Ikú náà sì ń gun ẹ̀ka lọ sí ìdajì kejì. Kò sí ohun tó kù ju ká gé èyí tó wà láàyè kúrò lára èyí tó ti kú. Mo mú ẹ̀mú, mo gbé e sí ẹ̀ka, mo tún gbé e kúrò. Ìyàwó mi di abọ́ mú.

“Ẹ gé e. Ṣebí igi ẹ̀gẹ́ náà là ń gé gbìn?”

Mo gé ìka mọ́kànlá. A fi gúlúù lẹ̀ wọ́n mọ́ òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo pe dókítà. Mi ò fi pamọ́. Mo ní, “Mo pa ìdajì iyùn rẹ. Àkọ́rọ̀ ni mo bu sí i.”

Ó mí kanlẹ̀. “Sà, ìdajì mélòó ló kù?”

“Ìdajì kan.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ìyẹn.”

Nínú mọ́kànlá, méjì kú. Mẹ́sàn-án gbé orí sókè. Láti ìgbà náà, òjò kẹrin ni mo ń gbè, lẹ́yìn tí mẹ́ta bá ti fọ òrùlé. Ẹfun ń kán, ìwé mi padà sí mẹ́jọ, mẹ́jọ, mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ìka mẹ́sàn-án náà sì ya ẹ̀ka, ó di igi tirẹ̀.

Dókítà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, pẹ̀lú kóòtù ìrìn-àjò lọ́rùn. Ó dúró níwájú àpótí. Igi kan ló fi sílẹ̀; ó ń ka mẹ́sàn-án. Ó kà á tán, ó yíjú sí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìsì.

Mo ní, “Dìde, ilẹ̀ tutù.”

Ìyàwó mi ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Àyà rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ dáadáa.”

Mo ní, “Gba ohun ìní rẹ. Ó wà láàyè.”

Ìgbà yẹn ló sọ fún wa pé ìyàwó àti àwọn ọmọ òun ni òun wá kó. Ilé ti lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ọmọ Ìkàrẹ́, ló rà á, ó sì fẹ́ kí pálọ̀ ṣófo. “Omi tí ẹ mú dúró ni, sà. Ẹ pín in bó ṣe wù yín.”

Bí mo ṣe pín in nìyí. Àpótí ńlá àti igi iyùn mẹ́rin lọ sí láàbù kọ́lẹ́ẹ̀jì mi ní Oǹdó, ìwé nọ́ńbà mi sì lọ sọ́wọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tó jẹ́ atẹ́ńdáǹtì níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú okùn dírípù. Igi méjì àti gbogbo ẹja lọ sí ibi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ló ń wọn omi wọn. Igi mẹ́ta wà nílé wa nínú gíláàsì kékeré. Alágbẹ̀dẹ gba òkìtì ìkarahun ẹ̀yìnkùlé, ó ń sun ún tà fún àwọn olósìn adìyẹ, ó ní irin kò pa òun lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Dókítà gba ẹ̀ka tó kú, ó fi aṣọ wé e, ó fi sínú àpò ọwọ́ rẹ̀. Sólà àti bátìrì di ti ìyàwó mi, ó fi ń tan fìrísà ìgbín. Ó tún gba ọ̀pá gíláàsì iyọ̀ mọ́ ọn. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, ó ní omi iyọ̀ tí òun fi ń fọ ùgbín ti ń yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́ jù, ó sì yẹ kó dúró lójú kan.